Ta Ni Ó Bí Àwọn Ọmọ Ìta Èkó?

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta bá dé àárín àwa olùkọ́ níhìn-ín ní Ẹdẹ, ọ̀nà méjì ni ó máa ń gbà parí. Àwọn kan á ní ọmọ burúkú ni wọ́n láti inú ìyá wọn wá. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ni kò fi ẹgba nà wọ́n tó. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ àkókò ìsinmi mi ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa Èkó àti Ìbàdàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ìta a máa yí padà bí ìlú bá ti ń yí padà. Ibi tí owó bá ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì ní gbangba, tí kò sí àgbà tí ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń hù sí. Bí owó náà bá ṣí lọ sí ibòmíràn, wọ́n á ṣí tẹ̀ lé e. Bí ìlú bá sì wó ilé tí àwọn àgbà ń gbé, àwọn tí yóò hù lẹ́yìn rẹ̀ á kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n á sì rorò ju àwọn ti ìṣáájú lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan ará Ẹdẹ nínú ọ̀rọ̀ Èkó. Ó kàn wá púpọ̀. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti gba ìlú wa kọjá lọ sí Òṣogbo ni àwọn ọmọ wa ti ń bá a lọ sí Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò sì ṣe déédéé mọ́, wọ́n bá mọ́tò lọ. Ẹ wá agbo ilé kan fún mi ní Òkè Gada tí kò ní ọmọ ní Èkó, n óò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá.

Ẹ jẹ́ kí á ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtàn àwọn jàgùdà ibẹ̀ yé ènìyàn dáadáa. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn. Kí ó tó dé, olè tí ó bá fẹ́ jalè ní láti wọ agbo ilé onílé, níbi tí ajá, ìyá arúgbó àti àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi ti mọ olúkúlùkù tí ń wọlé àti tí ń jáde. Nígbà tí téṣọ̀n dé, tí ọjà Dùgbẹ̀ kún, tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó sì tò lọ bẹẹrẹ ní Gbági, ohun tuntun kan bá wọn dé: èrò rẹpẹtẹ tí ẹnìkan kò mọ ẹnìkejì, tí olúkúlùkù wọn sì gbé owó sára. Àgbẹ̀ á ta kòkó rẹ̀ tán, á ki owó bọ àpò abẹ́ agbádá, á máa wo aṣọ tí yóò rà fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọkùnrin kan á fi ejìká gbún un, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti tọrọ àforíjì. Ìgbà tí bàbá náà bá dé ọ̀dọ̀ aláṣọ ni yóò tó mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ náà gbówó lórí.

Láti nǹkan bí 1930 títí di 1960 ni àwọn jàgùdà fi yọ ará Ìbàdàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ wọn fi wọ èdè wa, tí kò sì jáde mọ́. Wọn kì í ṣe ìgárá tí ń fọ́lé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn, wọ́n sì ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ náà bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ télọ̀.

Ní Èkó, èbúté ni ó bí tiwọn. Ní àkókò ogun Hitler, láti 1939 sí 1945, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun kún Èkó fọ́fọ́. Atukọ̀ tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté ti gba owó rẹ̀, kò mọ ọ̀nà, òùngbẹ ọtí sì ń gbẹ ẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan wá di afọ̀nàhàn fún un. Wọ́n á mú un lọ sí ilé ọtí, wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ òun, wọ́n á tún gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ onílé ọtí. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Bóómà bọ́ìsì. Ọmọ tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, èyí sì yẹ kí ó dun àwa olùkọ́.

Ìjọba gbé òfin jáde ní 1941 láti de àwọn afọ̀nàhàn tí kò ní ìwé àṣẹ. Ní 1943 òfin mìíràn tún jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Donald Faulkner ni wọ́n fi ṣe olórí ìtọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀ fún wọn, ó wá ilé tí àwọn tí ń sùn síta lè máa sùn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà padà sí ìlú òbí wọn, bí ìgbà tí ènìyàn ń dá lẹ́tà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Ibi yìí pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í rin ìrìn àlọ nìkan. Ní èrò tèmi, kì í ṣe òfin ni ó pa Bóómà bọ́ìsì rẹ́. Ogun ni ó parí, atukọ̀ dín kù, owó tí wọ́n ń jẹ sì kúrò ní èbúté.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí ní akínyẹmí ara ni ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, èyí tí a mọ̀ sí L.E.D.B. Ní 1955 ìgbìmọ̀ yìí mú ètò kan bọ́ síta: kí wọ́n wó àwọn ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n la òpópónà tuntun síbẹ̀, kí wọ́n sì kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kí olú-ìlú wa dùn ún wò lójú àlejò.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn ilé àtijọ́ náà dára. Wọ́n há, èrò sì pọ̀ nínú wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ilé Sùúrùlérè mọ́, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ó kù sí Èkó àti àwọn tí ó ti kó lọ, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961, ayọ̀ nìkan kọ́ ni ó bá pàdé. Àwọn obìnrin tí ń tajà nítòsí ilé wọn kò rí oníbàárà mọ́. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn ẹbí tí ń kí ara wọn láràárọ̀, tí ń gbé oúnjẹ fún ìyá arúgbó, tí ń pé jọ sí ilé baálé láti parí ìjà, wọ́n di ẹni tí ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi yìí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ mi wà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, bí ọmọ kan bá mú ẹja ẹlẹ́ja ní ọjà Jánkárà láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, àbúrò baba rẹ̀ obìnrin tí ń ta ata níbẹ̀ yóò ti gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, baálé yóò ti gbọ́. Kì í ṣe pé olè kò sí nígbà náà, ṣùgbọ́n olè náà ní ilé tí a mọ̀, ó sì ní ìyá tí a lè lọ bá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A máa ń pa òwe yìí láìronú sí i. Ó ní kí àgbà wà lọ́jà. Bí a bá kó àgbà lọ sí Sùúrùlérè, tí ọjà sì dúró sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni yóò tún orí ọmọ náà ṣe?

Ọjà dúró lóòótọ́, ó sì ń tóbi sí i. Ènìyàn 126,108 ni wọ́n kà ní Èkó ní 1931. Ní 1963 wọ́n ti di 665,246. Lẹ́yìn èyí ni owó epo rọ̀bì dé, tí ọjà òkèèrè sì kún Balógun àti Ìdúmọ̀tà débi tí ẹsẹ̀ kò fi gbèrò. Níbẹ̀ ni àwọn tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Area Boys ti jáde. Orúkọ náà kò burú ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ọmọ àdúgbò ni ó túmọ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi í yangàn pé ọmọ onílé ni àwọn. Wọ́n ń ṣọ́ mọ́tò, wọ́n ń já ẹrù, wọ́n ń júwe ìsọ̀ fún àlejò, wọn kì í sì í jẹ́ kí olè tí ó ti ibòmíràn wá rí àyè. Wọ́n ń gba ẹ̀bùn nídìí rẹ̀, oníṣòwò sì ń fún wọn nítorí ó mọ ilé tí wọ́n ti jáde wá.

Nígbà tí ó di ọdún 1980 síwájú, nǹkan le. Ní 1986 ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, náírà wálẹ̀, kokéènì àti irú oògùn olóró bẹ́ẹ̀ sì ti rí ọ̀nà wọ àdúgbò. Ẹni tí ń tọrọ di ẹni tí ń gbà, ẹni tí ń gbà sì di ẹni tí ń já gbà. Oníṣòwò tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kò mọ iye ọwọ́ tí yóò nà sí òun mọ́. Àwọn ọmọ onílé ṣì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní ilé kankan ní Èkó ti pọ̀ jù wọ́n lọ, oògùn sì ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà.

Ní oṣù keje ọdún 1990 ni wọ́n wó Màrókò, lábẹ́ ìjọba ológun Raji Rasaki. Iye ènìyàn tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń gbé ibẹ̀ tó 300,000, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje ni wọ́n sì fún wọn. Ẹ rò ó wò: ìlú tí ó ju Ẹdẹ lọ, ní ọ̀sẹ̀ kan! Àwọn díẹ̀ rí ilé ìjọba tí wọn kò tíì kọ́ parí wọ̀ sí. Àwọn yòókù fọ́n ká bí ẹ̀gúsí tí igbá rẹ̀ dànù. Nígbà tí Wole Soyinka kọ eré rẹ̀ lórí ọmọ ìta Èkó ní 1995, ó fi àwọn tí a lé kúrò ní Màrókò sínú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní àkókò yìí, Èkó kò ṣe ti erékùṣù nìkan mọ́. Èrò ti kún Múṣin, Agége, Àjẹ́gúnlẹ̀, Òṣòdì, títí lọ dé ibi tí a ń pè ní oko tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀nà jíjìn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Nítorí náà gárèèjì àti ibùdókọ̀ ni owó ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ jù lọ. Ibẹ̀ ni agbèrò ti jẹ ọba. Iṣẹ́ agbèrò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ju kí ó pe èrò sí mọ́tò lọ, kí awakọ̀ sì fún un ní owó kékeré. Ní 1978 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, N.U.R.T.W., sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tòótọ́ ni, ó sì ní ìwé òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ìta rí i pé ènìyàn lè gba owó ní ojoojúmọ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, tí ọlọ́pàá kò sì ní mú un, kí ni wọn yóò tún máa fi abẹ gé àpò ènìyàn ṣe? Ẹgbẹ́ ìta di ọ́fíìsì. Ó ní alága, ó ní aṣọ, àwọn olóṣèlú sì ń wá a bọ̀ nígbà ìdìbò. Ní 2022 tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà dúró ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì fi ìgbìmọ̀ gárèèjì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ yí, owó tí awakọ̀ ń san kò yí.

N kò ní kí ìjọba má tún ìlú ṣe o. Ẹni tí ó bá mọ Òṣòdì ṣáájú oṣù kìíní ọdún 2009, tí gómìnà Babatunde Fashola kó katakata wọ ibẹ̀, kò ní fi gbogbo ẹnu bú u. Ọjà wà lójú irin, ọjà wà lójú títì, jàgùdà sì wà láàárín méjèèjì. Ní 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun síbẹ̀, ó sì dára lójú. Ohun tí mo ń bèèrè ni ibi tí àwọn tí ń sùn níbẹ̀ lọ.

Mo lè dáhùn fún ẹnìkan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ti Òṣòdì. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní 2013, ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ tí ó mọ ìṣirò débi pé òun ni mo fi ń ṣe arọ́pò mi bí mo bá jáde. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ kú, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èkó. Yàrá kan ni ẹ̀gbọ́n náà ní pẹ̀lú ọmọ márùn-ún. Kò pẹ́ tí ọmọ yìí fi ń sùn ní ọjà tí ó ti ń gbé ẹrù. Ní ọjà náà, ọdẹ kan wà, àgbàlagbà ará ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí ń gba 50 náírà lọ́wọ́ olúkúlùkù àwọn ọmọ tí ń sùn sí ẹnu ìsọ̀. Ọmutí kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì wẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. "Owó wa ni ó ń gbà, tíṣà," ni ó sọ fún mi, "ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ìyá olúkúlùkù wa."

Wọ́n wó ọjà náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ní ìsọ̀ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ àwọn tí ń sùn sí ẹnu ìsọ̀, nítorí pé wọn kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè wó. Ọdẹ náà di ẹrù rẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ lọ sí abẹ́ afárá. Olórí tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju ọmọ ọdún 17 lọ. "Ó bi mí léèrè ohun tí mo lè ṣe. Kò bi mí léèrè orúkọ ìyá mi." Ọdún mẹ́rin ni ó lò lábẹ́ afárá náà. N kò bi í ní gbogbo ohun tí ó ṣe níbẹ̀, òun náà kò sì sọ.

Irú olórí ọmọ ọdún 17 yìí ni ó pọ̀ lóde báyìí. Nígbà tí ó fi di 2012, orúkọ àwọn tí ń pe ara wọn ní One Million Boys ti ń dẹ́rù ba àwọn ará Àjẹ́gúnlẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni a gbọ́ ti àwọn Awawa ní ìhà Agége, ọmọ wẹ́wẹ́ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń jáde ní ogún, ní ọgbọ̀n, pẹ̀lú àdá àti ìgò. Wọn kò ní ìsọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́, wọn kò ní gárèèjì, wọn kò sì ní àgbà tí a lè lọ bẹ̀. Oníṣòwò Ìdúmọ̀tà lè bá olórí Area Boys dúnàádúrà. Ta ni yóò bá ogún ọmọdé tí ó ti mu oògùn dúnàádúrà?

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé. Gárèèjì dá, ọjà dá, owó kò lọ láti ọwọ́ kan sí èkejì ní ibikíbi. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìhà Agége títí lọ dé Ìfọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà fi gbóná. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń dáná sun táyà lójú títì lóru, wọ́n ń ṣọ́ ilé wọn pẹ̀lú igi àti àdá nítorí One Million Boys àti Awawa. Ahesọ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń jẹ nínú owó ojoojúmọ́ tí ń kọjá lójú títì, tí títì wá dá páropáro, ojú ilé ni yóò kọjú sí.

Ẹ má ṣe rò pé tiwa nìkan ni. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Frederic Thrasher ka ẹgbẹ́ ọmọ ìta 1,313, ó sì kọ ìwé lórí wọn ní 1927. Ó rí i pé àárín ilé iṣẹ́, ojú irin àti ilé àwọn àlejò ni wọ́n pọ̀ sí jù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé pẹ́. Ní 1962 ìjọba ibẹ̀ kọ́ ilé alájà 16 tí ó tó 28 parí fún àwọn tálákà, wọ́n pè é ní Robert Taylor Homes. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ ọmọ ìta gba ilé náà kan. Láàárín 1998 sí 2007 wọ́n wó gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó ní olórí kan, tí wọ́n ti ń kó àwọn olórí wọn lọ sẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀, fọ́ sí wẹ́wẹ́, títì kan pẹ̀lú tirẹ̀. Mo kà á, mo sì rí Ìsàlẹ̀ Èkó nínú rẹ̀.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, owó tún ti ṣí. Ó ti dé etí ìlú, ní ìhà Ìbẹ̀jú Lẹ́kkí àti irú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ oko di ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbẹ̀ mọ àwọn ọmọ onílẹ̀ dáadáa: owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó géètì. Àwọn àgbà ìdílé tí ó ní ilẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn jàǹdùkú ni ó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìjọba Èkó ṣòfin lòdì sí i ní 2016.

Àwa ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ẹdẹ láti 1992. Yunifásítì Adeleke dé ní 2011, Yunifásítì Redeemer's sì kó wá síbí ní 2012. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí baba mi ń pè ní oko ẹ̀gẹ́ ti di ilé tí àwọn tí kò mọ ara wọn ń háyà. Bí ẹ bá dé oríta Àkọdà ní nǹkan bí aago méje alẹ́, tí mọ́tò Gbọ̀ngán àti ti Òṣogbo ń kọjá, ẹ óò rí àwọn ọmọkùnrin tí ń pe èrò, tí ń gbé ẹrù. Ọmọ rere ni púpọ̀ nínú wọn. Mo ti bi mélòó kan nínú wọn léèrè ilé tí wọ́n ń sùn, àwọn mìíràn sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn ìsọ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, bí ọmọ bá ń lọ sí Èkó, kí wọ́n má ṣe bi í ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe nìkan. Kí wọ́n bi í ní ilé tí yóò sùn, kí ẹnìkan bá a dé ibẹ̀, kí ó fi ojú rí yàrá náà, kí ó mọ baba onílé. Àwọn ìyálọ́jà wa pẹ̀lú lè ṣe ohun tí ìjọba kò ní rántí ṣe: kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tí ń sùn ní ọjà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀. Kò ná ju ìwé kan àti bírò kan lọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ wó ọjà lọ́la, kí wọ́n mú ìwé náà jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà sílé ní 2021. Ó ń lẹ táyà nítòsí Àkọdà nísinsìnyí, ó sì ti gba ọmọ iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 13 tí ó wá láti oko, ń sùn sínú ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ó ti kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀, orúkọ abúlé rẹ̀, àti orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní ọmọ náà mọ ìṣirò, pé ṣé àyè lè wà fún un ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Mo ní kí ó mú un wá ní ọjọ́ Ajé.